Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Olórí Ẹbí ní Ilẹ̀ Òkun: Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Yín Kọ́kọ́ Parí Ẹ̀kọ́ Ṣọ́jà

Ẹ̀yin olórí ẹbí wa, ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin ọmọ ilé lọ́kùnrin àti lóbìnrin, láti Owé dé Ìyàgbà, láti Ìjùmú dé Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀,

Òkun o. Mo kúnlẹ̀ kí yín kí n tó la ẹnu mi, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ìyàwó ilé sábà máa ń gbé mì. Kàbà ni mò ń gbé, iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe, bàbá àwọn ọmọ mi sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí wọ́n ní Green Card, tí wọ́n ń gbé ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ológun níbẹ̀. Kì í ṣe nítorí ilé tèmi nìkan ni mo ṣe kọ̀wé yìí síta. Mo ti bá àwọn ìyàwó mìíràn sọ̀rọ̀ ní Ìsánlú, ní Mọ̀pà àti ní Ẹ̀gbẹ̀, ohun tí ojú wa sì rí jọra débi pé èèyàn á rò pé inú ẹbí kan náà ni gbogbo wa ti lọ́kọ.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ. Láti ọjọ́ tí ọmọ yín bá ti wọ ọgbà ẹ̀kọ́ ṣọ́jà títí di ọjọ́ tí yóò parí ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ń ti ilé lọ bá a gba ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ kọjá, ìbáà ṣe ọ̀rọ̀ ayọ̀, ìbáà ṣe ti ìbànújẹ́, ìbáà ṣe ti owó. Bí ìyàwó náà bá sì ní kí a fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ ná, ẹ má ṣe kà á sí pé ó fẹ́ já ọmọ gbà mọ́ ẹbí lọ́wọ́.

Ẹ̀yin àgbà mọ ohun tí iṣẹ́ ológun jẹ́ jù mí lọ. Ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ wa ló ti ní ọmọ nínú iṣẹ́ ológun Nàìjíríà. Ẹ mọ Zaria, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó bá wọ ibẹ̀ kì í yọjú wálé wá jẹ iṣu tuntun. Àwọn ìyá tí wọ́n jẹ́ ìyàwó ọ̀dọ́ nígbà ogun abẹ́lé, láàrin ọdún 1967 sí 1970, mọ bí oṣù ṣe ń tẹ̀ lé oṣù láìgbúròó ẹni tó lọ. Ohun tó yàtọ̀ láàrin ìgbà yẹn àti ìsinsìnyí ni fóònù. Fóònù ti mú ká gbàgbé pé èèyàn lè wà láàyè, kí ara rẹ̀ sì le koko, kó má sì sí lórí WhatsApp.

Fort Jackson ni wọ́n mú ọkọ mi lọ, ní ìlú Columbia ní ìpínlẹ̀ South Carolina. Ọgbà náà ti wà láti ọdún 1917, òun ló sì tóbi jù nínú àwọn ibi tí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń gba ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀, tó fi jẹ́ pé nǹkan bí ìdajì àwọn tó ń wọṣẹ́ lọ́dọọdún ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n máa ń mú àwọn mìíràn lọ sí Missouri, sí Oklahoma tàbí sí Georgia. Ibi yòówù kó jẹ́, ọ̀sẹ̀ 10 ni ẹ̀kọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ọjọ́ tó bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, nítorí wọ́n á kọ́kọ́ lo ọjọ́ mélòó kan níbi tí wọ́n ti ń gbà wọ́n wọlé, tí wọ́n ti ń fá orí wọn, tí wọ́n ń gún wọn lábẹ́rẹ́ àjẹsára, tí wọ́n ń wọn aṣọ fún wọn, tí wọ́n sì ń kọ orúkọ ìyàwó àti ọmọ wọn sílẹ̀. Lójú tèmi, àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn ló le jù fún ẹni tó wà nílé, nítorí ẹni rẹ ti lọ tán, ohun tó torí rẹ̀ lọ kò sì tíì bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n á jẹ́ kó pe ilé lẹ́ẹ̀kan tó bá dé. Ìpè náà kì í pẹ́ rárá: á ní òun ti dé láyọ̀, kí a má fi oúnjẹ ránṣẹ́, òun á fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ tó bá yá. Kò ní dáhùn ìbéèrè, kò ní béèrè bí ọmọ ṣe sùn, á kàn gé e. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á gba fóònù lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n á tì í pa. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n sábà máa ń dá a padà fún wọn fún ìgbà díẹ̀, bí àwọn sájẹ́ńtì tó ń kọ́ wọn, tí wọ́n ń pè ní drill sergeant, bá gbà pé ó tọ́ sí wọn. Bí ẹnì kan bá sì ṣe àṣìṣe láàrin ọ̀sẹ̀, gbogbo wọn lè pàdánù rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lè kọjá láìsí ìpè kankan. Ẹ tún rántí pé aago tiwa fi wákàtí márùn-ún ṣáájú tiwọn ní South Carolina nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ó sì fi mẹ́fà ṣáájú nígbà òtútù, tó fi jẹ́ pé nígbà tí àyè bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ fún wọn lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ yín ti ń tilẹ̀kùn sùn níhìn-ín.

Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ilé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń jí wọn. Wọ́n á kó wọn sínú yàrá kan tí wọ́n ti tú èéfín atanilójú sí, wọ́n á sì ní kí wọ́n bọ́ ìbòjú wọn níbẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé ìbòjú náà ń ṣiṣẹ́. Ilé gogoro kan wà tí wọ́n ń pè ní Victory Tower, orí rẹ̀ ni wọ́n á ti fi okùn sọ̀ kalẹ̀, ẹni tí òkè ń bà lẹ́rù ni o, ẹni tí kò bà lẹ́rù ni o. Wọ́n á kọ́ ìbọn, wọ́n á ru ẹrù rìn jìnnà, wọ́n á kọ́ bí a ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lára ẹni tó fara gbọgbẹ́. Ní ìparí, wọ́n á wà nínú igbó fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin, oorun díẹ̀, oúnjẹ díẹ̀, kí wọ́n tó gbà pé ẹni náà ti di ṣọ́jà. Ẹni tó wà nínú èyí, tí kò sì pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti kí i kú àjọ̀dún, kò di agbéraga, Amẹ́ríkà kò sì tíì gba ọkàn rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé tiwa, láìfi ẹnikẹ́ni sùn. Láàrin ẹ̀kọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi kan, àgbàlagbà tó gbó tó tọ́, papò dà. Mo bẹ ẹbí pé kí wọ́n jẹ́ kí ìròyìn náà dúró títí ọmọ yóò fi jáde, ọ̀pọ̀ sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan kò gbà. Ó fi àwòrán òkú tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ránṣẹ́ sí i lórí Facebook, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kó tètè wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ ìsìnkú. Ní ọjọ́ Àìkú tí ó kàn, èmi àti àwọn ọmọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń dára díẹ̀, àgbà nínú wọn sì ti há orin kan tó fẹ́ kọ fún bàbá rẹ̀ sórí láti ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tí ìpè wọlé, orí fífá rẹ̀ ni a kọ́kọ́ rí. Kò kí wa. Ó ní, "Ṣé lóòótọ́ ni?" Kí n tó rí ohun tí mo máa sọ, ó ti ń sunkún, àwọn èèyàn sì ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ kékeré bi mí pé ta ló nà án. Ẹnì kan pariwo nínú yàrá wọn pé àkókò ti tó, fóònù sì gé. Orin kò jáde. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e gan-an ni wọ́n dán wọn wò lórí ìbọn yíyìn, mi ò sì ní ọ̀nà kankan tí mo lè fi mọ bóyá ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tàbí kò gbọ̀n, títí tó fi tún pè.

Àgbà tó lọ yẹn kò ní bínú pé a fi ìròyìn rẹ̀ pamọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ìsìnkú wa nílẹ̀ Òkun kì í sáré, a mọ bí a ṣe ń dá ọjọ́ sí iwájú nítorí ọmọ tó wà lókè òkun. Èwo ni a kò wá lè ṣe nítorí èyí?

Mo ti gbọ́ ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi àwa ìyàwó lẹ́yìn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: bó bá wá jẹ́ ìyá rẹ̀ tó bí i ló kú ńkọ́, ṣé ẹ̀yin náà lẹ máa bò ó mọ́lẹ̀? Rárá o. Ọ̀nà wà fún èyí, ọ̀nà náà sì mọ́. Ẹgbẹ́ Red Cross ti Amẹ́ríkà ló ń ṣe é, tọ̀sán-tòru, kò sì gba owó. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ tàbí àìsàn tó lágbára bá mú ẹni tó súnmọ́ ṣọ́jà náà, bí ìyàwó, ọmọ, òbí, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, ará ilé yóò kàn sí wọn, ìbáà jẹ́ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìbáà jẹ́ kí ìbátan tó wà ní Amẹ́ríkà pè wọ́n lórí nọ́ńbà 1-877-272-7337. Wọ́n á béèrè orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ọjọ́ ìbí rẹ̀, ipò rẹ̀ àti ẹgbẹ́ tó wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì béèrè orúkọ ilé ìwòsàn àti dókítà, kí wọ́n lè wádìí pé òótọ́ ni kí wọ́n tó ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà ni yóò pè é jókòó, tí yóò sọ fún un ní ibi tí èèyàn wà láti dì í mú, òun náà ni yóò sì pinnu bóyá yóò gba àyè láti wálé. Ẹ wo bí èyí ṣe yàtọ̀ sí kí ọmọ ṣí fóònù kó bá òkú pàdé.

Ibi tó le níbẹ̀ ni pé ọ̀nà tí àwọn ológun Amẹ́ríkà gbà ń ka ẹbí kò fẹ̀ tó tiwa. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀gbọ́n bàbá, bàbá ni. Ìyàwó àbúrò bàbá, ìyá ni. Lọ́dọ̀ tiwọn, ìyá jẹ́ ẹni tó bíni tàbí ẹni tó tọ́ni dàgbà gẹ́gẹ́ bí òbí. Kì í ṣe ìyàwó ilé ló ṣe òfin yẹn, bó bá sì sọ fún yín pé Red Cross kò ní torí ìyàwó bàbá kékeré ránṣẹ́, ẹ má ṣe bú u. Nítorí náà, ẹ wá dókítà tí yóò lè kọ̀wé kedere nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ìwé tí ọmọ fi àdírẹ́sì ẹgbẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ wà lọ́wọ́ ìyàwó, kó má wà lọ́wọ́ ẹni márùn-ún.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà ni mo fẹ́ kí ẹ ràn wá lọ́wọ́ lé lórí jù, nítorí ibẹ̀ ni ẹbí ti wúlò ju owó lọ. Lẹ́tà ni oúnjẹ ẹni tí wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá fi í sí ilé ìfìwéránṣẹ́ níhìn-ín, ẹ̀kọ́ lè parí kó tó débẹ̀. Ohun tí èmi ṣe ni pé mo ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, mo ń fi ránṣẹ́ sí àbúrò ọkọ mi obìnrin tó wà ní Maryland, òun á tẹ̀ ẹ́ jáde lórí ìwé, á sì fi í ránṣẹ́ láti ibẹ̀. Áàpù kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Sandboxx, tó ń tẹ lẹ́tà àti àwòrán jáde, tó sì ń gbé e lọ sí àwọn ọgbà ẹ̀kọ́ ṣọ́jà kíákíá. Àbúrò ọkọ mi lò ó nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kún. Àpò ìwé funfun lásán ni ẹ lò, láìsí òdòdó, láìsí lọ́fínńdà, kí orúkọ àti àdírẹ́sì sì rí gẹ́lẹ́ bí ó ṣe kọ ọ́ wá. Ìwé tó bá ń dán yọ̀ọ̀ lè sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, kó sì dọ̀bálẹ̀ kó máa fi ọwọ́ ti ilẹ̀ lójú gbogbo ẹgbẹ́ kí wọ́n tó fún un. Ojú sájẹ́ńtì ni wọ́n ti ń ṣí i. Oúnjẹ kò gbọdọ̀ wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni oògùn, ìbáà jẹ́ ti orí fífọ́. Ìyá ọkọ mi ti di àgbo gbígbẹ sínú ọ̀rá, ó ti so ó dáadáa, ó sì gba àlàyé púpọ̀ kí ó tó tú u. Títí di òní, ó gbà pé tí àwọn sájẹ́ńtì náà bá tọ́ ọ wò, àwọn náà á béèrè fún un.

Ohun tí a ń kọ sínú lẹ́tà ńkọ́? Kì í ṣe ìwàásù, kì í sì ṣe ẹjọ́. Àwọn ará ilé kan kọ ojú ìwé méjì tó kún fún "rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe". Mo fi ránṣẹ́, nítorí kò sí ẹ̀tọ́ tí mo ní láti dá a dúró, ṣùgbọ́n èyí tí ọkọ mi dáhùn kì í ṣe ìyẹn. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀wé kọ. Mo jókòó tì í lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ní kó máa sọ, kí n máa kọ ọ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ní èdè ìlú wọn gan-an, láìtún un ṣe. Ó sọ̀rọ̀ nípa òjò. Ó ní ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì, pé ọ̀kan nínú wọn kò fẹ́ mu ọmú, òun sì ń fi ìgò bọ́ ọ. Ó ní kájú ti ń pọ́n, pé àwọn ọmọdé ti ń wọ inú oko. Lẹ́yìn náà ló dákẹ́, ó wá ní, "Kọ ọ́ pé mo sùn dáadáa." Nígbà tí èsì dé, àbúrò ọkọ mi ní Maryland ya àwòrán rẹ̀ fún wa: ìwé onílà, lẹ́tà kíkọ tó fún pọ̀ mọ́ra nítorí ìwé kò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìkíni sì ni, "Ewúrẹ́ wo? Ṣé èyí tí etí rẹ̀ ya?" Ó ní òun túmọ̀ lẹ́tà ìyá òun fún ọmọ Gánà kan tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì òkè, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ní kí wọ́n paná. Irú èyí ni kí ẹ máa fún wa kọ. Ẹ sọ ẹni tó bímọ, ẹni tó kọ́lé, pápá tí ẹ ti ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà kan, bí wọ́n ṣe ń jà lórí ọ̀rọ̀ òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo dé orí owó báyìí, mi ò sì ní pẹ́ níbẹ̀. Ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù ni wọ́n ń san owó fún wọn, ti àkọ́kọ́ sì lè pẹ́ kó tó wọlé, nítorí ìwé ṣì ń yí láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Wọ́n á yọ owó orí àti owó ìbánigbófò kúrò nínú rẹ̀. Ipò ìsàlẹ̀ pátápátá ni ọ̀pọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní dìgírì tí wọ́n gbà lè wọlé gẹ́gẹ́ bíi Specialist, èyí tó sàn díẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹni tí fóònù kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè fi owó ránṣẹ́, bó tilẹ̀ wù ú. Ètò tí èmi àti ọkọ mi ṣe kó tó lọ ni owó ilé ìwé àwọn ọmọ àti owó oògùn ìyá rẹ̀, ẹnì kan sì wà lọ́hùn-ún tó ń fi ránṣẹ́. Kò sí àpò mìíràn tí mo fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ń bẹ̀ yín kí ẹbí yọ orúkọ ọmọ tó wà nínú ẹ̀kọ́ kúrò nínú gbogbo owó ìdá fún àkókò yẹn, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí gbèsè bí ẹ bá fẹ́. Yóò san án.

Ọ̀rọ̀ méjì tó tẹ̀ lé owó kò ṣeé fi sílẹ̀. Èkíní ni pé ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó ni wọ́n ń bi ọmọ yín kí wọ́n tó kọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìbí àwọn ọmọ. Ìdána tí a ṣe, iṣu tí a gbé, fọ́tò tí a yà, wọn kò tó níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ọmọ yín fẹ́ wọṣẹ́ yìí, ẹ rán òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ sí ibi tí ìjọba ti ń so ọkọ àti aya pọ̀, kó tó wọ ọkọ̀ òfúrufú. Èkejì ni owó ìbánigbófò ẹ̀mí, tó lè tó 500,000 dọ́là láti oṣù Kẹta ọdún 2023. Ṣọ́jà fúnra rẹ̀ ló ń kọ orúkọ ẹni tí yóò gbà á. Mo mọ àwọn ilé tí ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàrin ìyá ọkọ àti ìyàwó, lórí owó tí gbogbo wa ń gbàdúrà kí ẹnikẹ́ni má fi ojú rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi wá léèrè rẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn oníjìbìtì. Àwọn kan máa ń jí fọ́tò ṣọ́jà lò, wọ́n á ní àwọn ni ọ̀gá ọmọ yín, pé kí ẹ san owó kí wọ́n tó jẹ́ kó gba ìsinmi, tàbí kí ẹ san owó fóònù fún un. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹbí kí ṣọ́jà tó sinmi. Ẹni tó bá pè yín bẹ́ẹ̀, ẹ kàn ní kó pe ìyàwó.

Ọ̀rọ̀ ààbò ìlú wa náà wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọlu ọgbà ẹ̀wọ̀n Kàbà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ìròyìn ti dé etí àwọn tó wà lókè òkun kí àwa tó wà ládùúgbò tó mọ ohun tí a gbọ́ lóru. Láti ìgbà náà, gbogbo ọ̀rọ̀ nípa àwọn ajínigbé lójú ọ̀nà Ìyàgbà àti Bùnú ni wọ́n máa ń gbé sórí fóònù, òótọ́ àti àsọdùn pọ̀. Mi ò ní kí a parọ́ fún ọmọ yín. Bó bá bi mí, mo máa ń sọ fún un pé a wà ní àlàáfíà, ibi tí a sùn, àti ẹni tó sùn tì wá. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí ẹ má fi fídíò àti ohùn ẹ̀rù ránṣẹ́ sí i, nítorí ẹni tó wà nínú ọgbà yẹn kò lè pe ẹnikẹ́ni padà láti béèrè ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, àfi kó gbé e sùn títí di ọjọ́ Àìkú mìíràn.

Ẹni tó sùn tì wá yẹn mú mi dé ibi ìrànlọ́wọ́. Àbúrò ọkọ mi kékeré, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, kó aṣọ rẹ̀ wá sí yàrá iwájú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ń tilẹ̀kùn géètì lálẹ́, ó ń bá mi lọ sí ìpàdé òbí nílé ìwé, ó sì bá ìyá rẹ̀ ṣa kájú. Kò bi mí rí bóyá bàbá àwọn ọmọ mi pè, ó kàn máa ń wo ojú mi. Mo fi tọkàntọkàn sọ ọ́ pé èyí ṣe mí lóore ju gbogbo àwọn tó ń wá wò mí lọ, tí wọ́n á jókòó, tí wọ́n á ní àwọn gbọ́ pé àwọn tó bá lọ bẹ́ẹ̀ máa ń fẹ́ òyìnbó. Ẹnì kan tilẹ̀ gbà mí nímọ̀ràn pé kí n máa ṣírò ọjọ́ tí kò pè. Ìyàwó tó wà nílé kò nílò aṣọ́nà, kò sì nílò aṣọ̀fọ̀.

Nígbà tí ìparí bá dé, ọjọ́ kan wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹbí ṣáájú ọjọ́ àṣeyẹ gan-an. Àwa tó wà níbí kò lè débẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gbé àṣeyẹ Fort Jackson sórí íntánẹ́ẹ̀tì bó ṣe ń lọ. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí olórí ẹbí pe gbogbo ilé jọ, kí ẹ ra epo sí jẹnẹrétọ̀, kí ẹ wò ó papọ̀, kí ẹ sì ya fídíò ara yín ránṣẹ́ sí i. Àwọn mìíràn ti ń búra di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà kí ẹ̀kọ́ wọn tó parí, èyí sì ṣe pàtàkì fún ìyàwó tó ń dúró nílé, nítorí aya ọmọ ìlú kì í tò sórí ìlà físà kan náà pẹ̀lú aya ẹni tó ní Green Card lásán. Ẹ má sì rò pé ó ti di òmìnira lọ́jọ́ náà. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún un ló kàn, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì lè sún mọ́ ọdún kan, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ náà bá ṣe rí. Fóònù á padà sọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà, ẹ ó sì lè bá a sọ̀rọ̀ fúnra yín lálaalẹ́, lórí ohunkóhun tí ẹ bá ti fi pamọ́.

Ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa tún ti forúkọ sílẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n sì ti fún un ní ọjọ́ tí yóò wọlé. Ìyàwó rẹ̀, tó lóyún, wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo kọ ohun tó yẹ kó ní lọ́wọ́ fún un: ìwé ìgbéyàwó, orúkọ dókítà, nọ́ńbà Red Cross, orúkọ ẹni tí yóò máa tẹ lẹ́tà jáde. Ó kà á tán, ó wá bi mí léèrè pé ta ni yóò bá òun sọ ọ́ fún ìyá ọkọ òun. Mo ní kó dúró de lẹ́tà yìí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyàwó ilé kan ní Kàbà